Ẹ Tọ́jú Gìgísẹ̀ Yín Kí Ooru Tó Dé



Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọmọ wa gbogbo tí a jọ ń gbé Òkè Ọya yìí, a kí yín kú ewu ọyẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó jẹ́ kí á rí ìparí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé Kánò, Sókótó tàbí Gúsáù fún ọdún méjì péré ti mọ ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti oṣù Màáṣì títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ooru a máa mú tó 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, a sì máa kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó wà láàárín ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá àti ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí a máa gbóná bí agbada àkàrà. Olúkúlùkù ti ń tún fáànù rẹ̀ ṣe, a sì ti ń kó aṣọ òtútù pamọ́ sínú àpótí. Ẹsẹ̀ nìkan ni a kì í rántí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà ni yóò gbé wa la ooru yìí já.

Ìdí nìyí tí a fi ya ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ oge lásán ni. Ọ̀rọ̀ ìrun ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Bàbá kan wà láàárín wa, oníṣòwò, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí ó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, gìgísẹ̀ wọn méjèèjì sán gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí tòsì ń là sí i, wọ́n ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe: wọ́n yọ́ àbẹ́là sí ojú ibi tí ó sán kí ó lè dí. Nítorí òtútù, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ fi ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ra ìkejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ wọn ń bá wọn da omi àlùwàlá láti inú bùútà. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀." Bàbá wo ilẹ̀ títí, wọn kò mọ̀ pé ara àwọn ni ó ti ń jáde, nítorí pé kò dùn wọ́n rárá. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè ni wọ́n rí i pé egbò ti wọlé jìn lábẹ́ àbẹ́là náà, ó sì ti ń rùn. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ní ọsibítù. Ní ìgbẹ̀yìn, egbò náà ti dé egungun, àwọn dókítà sì gé ẹsẹ̀ òsì náà lábẹ́ orúnkún kí ẹ̀mí wọn má baà bọ́.

Lónìí, orí àga ni bàbá ti ń kírun. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí á kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, kí á má ṣáà dárúkọ àwọn. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ wọn. Kí wọ́n má dúró de ọmọdé."

KÍ NI ỌYẸ́ Ń ṢE SÍ ẸSẸ̀?

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ó gbẹ, ó sì kún fún eruku. Bí ó ti ń fa omi inú aṣọ tí a sá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa omi inú awọ ara. Ọlọ́hun dá ọ̀rá mọ́ awọ ojú àti apá, tí ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ láti mú un rọ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní irú orísun ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Òógùn nìkan ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ó tètè máa ń gbẹ.

Awọ gìgísẹ̀ sì nípọn. Bí a bá dúró lé e, ẹran abẹ́ rẹ̀ a fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí awọ náà bá rọ̀, yóò fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, yóò là. Nítorí náà, ẹni tí ó sanra, ẹni tí ń dúró nídìí ọjà láti àárọ̀ di alẹ́, àti ẹni tí ó jẹ́ pé sálúbàtà tí kò ní ẹ̀yìn ni ó ń wọ̀ nígbà gbogbo, àwọn ni tiwọn máa ń pọ̀ jù. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pe ẹsẹ̀ sísán yìí ní faso, kò sì sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ yóò lọ, ṣùgbọ́n ojú sísán kì í bá a lọ. Nígbà tí ooru bá dé, òógùn àti eruku yóò wọ inú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí yóò sì rí ilé gbé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó wà láàárín ọyẹ́ àti ooru yìí ni ó yẹ kí á fi tún un ṣe.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA KỌ́ WA

Nínú Àlùkùráánì alápọ̀n-ọ́nlé, Súrà Máídà, áyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo láti wẹ ẹsẹ̀ wọn dé kókósẹ̀ méjèèjì bí wọ́n bá fẹ́ kírun. Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí àwọn kan tí wọ́n kánjú ṣe àlùwàlá lójú ọ̀nà ìrìn-àjò, tí omi kò sì dé gìgísẹ̀ wọn. Ó fi ohùn rara kìlọ̀ ìyà Iná fún irú gìgísẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó lọ ilé kéú láàárín wa mọ ìwé Risala, èyí tí àáfà ńlá Ibn Abi Zayd ti ìlú Kairouan ní Tùníṣíà kọ. Ọdún 996 ni ó kú. Ìlànà Ímáámù Màlíkì, tí àwọn bàbá ńlá wa bá wa tọ̀, ni ìwé náà ń kọ́ni. Ní ibi tí ó ti ń ṣàlàyé fífọ ẹsẹ̀, ó dárúkọ gìgísẹ̀, ó dárúkọ iṣan tí ó wà lókè rẹ̀, ó sì dárúkọ ibi tí omi kì í tètè wọ̀ nítorí awọ líle tàbí nítorí ojú sísán. Ó ní kí á tẹra mọ́ fífi ọwọ́ ra ibẹ̀ bí a ti ń da omi sí i. Ẹ wò ó, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àáfà yìí ti ronú kan gìgísẹ̀ tí ó sán! Ìwé Akhdari tí àwọn ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ náà ka fífi ọwọ́ ra ara mọ́ ọ̀ranyàn méje tí ó wà nínú àlùwàlá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a bá fi dí ojú sísán, bí àbẹ́là, gúlúù tàbí amọ̀, kì í jẹ́ kí omi dé awọ, ó sì lè ba àlùwàlá jẹ́. Òrí tí a fi pa ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò dí omi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dì jọ ni kí á nù kúrò. Bí oníṣègùn bá di egbò fún wa, tí ó sì ní kí omi má kàn án, ẹ̀sìn kò ni wá lára: a óò fi ọwọ́ tútù pa orí ìdì náà. Ẹni tí ó bá wà ní irú ipò yìí, kí ó bi àáfà rẹ̀ léèrè bí yóò ti ṣe é.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ẹni tí ń fi ọwọ́ ra gìgísẹ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo tí ó bá ń ṣe àlùwàlá yóò tètè mọ̀ bí nǹkan kan bá yí padà níbẹ̀. Ọlọ́hun ti fi àyẹ̀wò ẹsẹ̀ sínú ẹ̀sìn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ni a kánjú jù.

BÍ A Ó TI ṢE TÚN GÌGÍSẸ̀ ṢE

Ohun tí a fẹ́ sọ yìí wà fún ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kú tipiri. Tàwọn ìyẹn wà níwájú.

1. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kí omi náà má gbóná. Omi gbígbóná ń fa ọ̀rá kúrò lára ni.

2. Ẹ fi òkúta ìfọsẹ̀ tàbí kànhìnkànhìn ra awọ líle náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé alẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ yóò kúrò.

3. Ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, pàápàá àárín ọmọ ìka.

4. Kí ọ̀rinrin tó kúrò lára awọ gìgísẹ̀ tán, ẹ fi òrí pa á dáadáa. Òrí gidi pọ̀ lọ́jà wa níhìn-ín; man kade ni àwọn Hausa ń pè é. Fasilíìnì náà dára. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn kí òrí má baà parí sára aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

5. Ní ọ̀sán, ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tàbí tí ó ní okùn lẹ́yìn, títí gìgísẹ̀ yóò fi jiná.

Ẹni tí ó bá ṣe èyí lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yóò rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú sísán bá jìn tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó wú, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ó ń rùn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ.

A fẹ́ bẹ àwọn ìyá wa nípa abẹ ìfárí. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi abẹ gé awọ gìgísẹ̀ títí yóò fi kan ẹran. Awọ tí a bá gé bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá líle ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ọgbẹ́ náà sì jẹ́ ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé. Kí á fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń lẹ bàtà, ìyẹn náà kì í ṣe ìtọ́jú.

ÀÁRÍN ỌMỌ ÌKA ÀTI ÈÉKÁNNÁ

A gbọ́ nínú hàdíìsì pé Ànọ́bì máa ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ó kéré jù lọ ra àárín àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìmọ́tótó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀: omi ṣì wà láàárín ìka, a ti ki ẹsẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, a sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú ooru, inú bàtà bẹ́ẹ̀ a dà bí ibi tí a ti ń se nǹkan. Àárín ìka yóò funfun, yóò máa bó, yóò máa yún ni, yóò sì máa rùn, pàápàá láàárín ìka méjì tí ó kéyìn. Àwọn kan máa ń sọ pé omi ni ó jẹ ẹsẹ̀ wọn. Irú àrùn awọ tí ń fa làpálàpá ni, ọ̀rinrin ni ó sì ń bọ́ ọ.

Ẹ mú aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan dání lọ sí mọ́sálásí, kí ẹ máa fi nu àárín ìka. Ẹ máa fọ ìbọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ní bàtà méjì, kí ó máa pààrọ̀ wọn, kí ọ̀kan lè gbẹ. Bí ó bá ti mú yín, ìpara clotrimazole tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn máa ń wò ó, bí a bá lò ó tó iye ọjọ́ tí wọ́n sọ, tí a kò dá a dúró nítorí pé yíyún ti dáwọ́ dúró. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìpara àdàlù tí ó ní betamethasone tàbí clobetasol nínú. Yíyún yóò lọ ní ọjọ́ méjì, inú wa yóò dùn, bẹ́ẹ̀ àrùn náà ń tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá; àwa ní kí á má ṣe pa yíyún, kí á fi làpálàpá sílẹ̀.

Ní ti èékánná, gígé e wà lára ìmọ́tótó tí Ànọ́bì fi lélẹ̀, hàdíìsì tí Muslim gbà wá sì sọ pé kí á má jẹ́ kí ó kọjá ogójì ọjọ́. Ẹ gé ti ẹsẹ̀ ní ọ̀gbọọrọ. Ẹ má gbẹ́ igun rẹ̀ wọlé, nítorí pé èyí ni ó máa ń jẹ́ kí ó hù wọ inú ẹran. Àwọn ọmọkùnrin tí ń gbé àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò láti gé èékánná fún aráyé ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n irin kan náà tí ó ti gé ti ogún ènìyàn láàárọ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ àti àrùn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ẹ ra irin ìgékànná tiyín, owó rẹ̀ kò pọ̀.

LÀÁLÌ ÀTI KÚTẸ́Ẹ̀SÌ

Ìgbéyàwó pọ̀ ní àkókò yìí, àwọn ọmọbìnrin wa yóò sì fẹ́ lé làálì. Làálì gidi, tí ó jẹ́ ewé tí a lọ̀, kò burú fún ẹsẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì dí omi àlùwàlá lọ́wọ́ bí a bá ti fọ ẹ̀tẹ́ rẹ̀ kúrò. Èyí tí ó yẹ kí á bẹ̀rù ni dúdú tí wọ́n ń fi oògùn ìpairun dúdú pò. Oògùn yẹn lè jó awọ, kí ó lé ròró, kí ó sì fi àpá sílẹ̀. Ẹlòmíràn kò tún ní lè lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ wú. Kútẹ́ẹ̀sì ní tirẹ̀ máa ń bo èékánná pátápátá, omi kì í kọjá. Ẹni tí ó bá lò ó, kí ó pa á rẹ́ kí ó tó ṣe àlùwàlá.

ẸNI TÍ Ó NÍ ÌTỌ̀ ṢÚGÀ

Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ọmọ ka apá yìí sí etí àwọn òbí wọn. Bí ṣúgà bá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ba àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, ó sì máa ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ẹsẹ̀. Ohun méjì ni ó ń ti ibẹ̀ wá: egbò kì í dun ẹni náà, kì í sì í tètè jiná. Ìrora tí a kórìíra yìí, olùṣọ́ ni. Ẹni tí olùṣọ́ rẹ̀ bá ti sùn, ojú ni yóò máa fi ṣọ́ ilé.

• Ẹ máa wo ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, lókè, nísàlẹ̀, àti láàárín ìka. Ẹni tí kò lè tẹ̀, kí ó fi dígí sílẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí kí ọmọ bá a wò ó.

• Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi ìgúnpá dán omi wò kí ẹ tó fi fọ ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ bí ó bá gbóná jù.

• Ẹ má na ẹsẹ̀ sídìí iná èédú nígbà òtútù.

• Ẹ pa òrí sí àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pa á sí àárín ìka.

• Ẹ má rìn láìwọ bàtà, ìbáà ṣe nínú ilé. Ẹ fi ọwọ́ wo inú bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

• Egbò kékeré, ròró, tàbí ibi tí ó yí àwọ̀ padà: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ ọsibítù. Ẹ má yọ́ nǹkan kan sí i.

NÍGBÀ TÍ OORU BÁ DÉ GAN-AN

Bí a bá ń lọ kí ìrun Àílà tàbí Jímọ́ọ̀, kí á wọ sálúbàtà dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Àwọn ọmọdé máa ń sáré lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì lè lé ròró. A ń rọ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa láti tẹ́ ẹní tàbí láti ta ìbòòji sí ojú ọ̀nà yẹn kí oṣù Èpìrẹ́lì tó dé. Kí á máa gbọn bàtà wa kí á tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé. Ẹni tí ìṣó bá gún lẹ́sẹ̀, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Àwọn tí Ọlọ́hun bá pè sí Hajj, ẹ fetí sílẹ̀. Ní Hajj ọdún 2024, ooru ìlú Mẹ́kà kọjá 50. Ìrìn láàárín Sọ́fà àti Márúwà nìkan tó bí kìlómítà mẹ́ta, a kò tíì ka yíyí Káábà àti ìrìn Mínà mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin tí ó wọ ìhúráámù kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà tí ó bo kókósẹ̀. Ẹ má gbé bàtà tuntun lọ. Ẹ ra á báyìí, kí ẹ máa wọ̀ ọ́ kí ó lè mọ ẹsẹ̀ yín. Ẹ mú àpò kékeré tí ẹ óò máa kó o sí dání, nítorí pé ọ̀pọ̀ àlàájì tí ẹsẹ̀ wọn jóná, bàtà wọn ni ó sọnù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Kí gìgísẹ̀ sì ti jiná kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìwé Risala sọ nípa gìgísẹ̀ tí ó sán, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Èwo nínú ohun tí a fi ń dí ojú sísán ni kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá dé awọ?

3. Kí ló dé tí egbò ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fi í dùn ún?

4. Nínú ilé yín, ta ni ó yẹ kí á máa bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni yóò sì máa ṣe é?

Ìbéèrè kẹrin yìí, ẹ má dúró de ìpàdé kí ẹ tó dáhùn rẹ̀. Ní alẹ́ òní, nígbà tí àwọn àgbà ilé bá fẹ́ ṣe àlùwàlá Ìṣáì, kí ọmọ kan gbé bùútà, kí òmíràn gbé iná dání, kí wọ́n sì wo gìgísẹ̀ náà dáadáa.

Ọlọ́hun yóò fún wa ní ẹsẹ̀ tí a óò fi dúró níwájú Rẹ̀. Yóò fún bàbá wa yìí ní ìlera àti ẹ̀san sùúrù. Àmín.